Pátákó Inú Ọ̀rá

Mo lá àlá kan lóru àná, Ọ̀gá, ẹ̀yin náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má wò mí báyẹn, sà. Èmi kọ́ ni mo pè yín, ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi rìn wọ inú àlá mi, ẹ ò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mìsítà Àyándìran, ẹ gbé agogo yẹn sílẹ̀ ná, àkókò kò tíì tó tí ẹ ó lù ú. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí tán, torí bí oòrùn bá ti mú, ṣe ni àlá ń gbẹ bí ìrì.

Inú kíláàsì mi ni mo wà, kíláàsì kẹfà. Mo dúró síwájú pátákó dúdú wa àtijọ́, mo mú ṣọ́ọ̀kì dání, mò ń ya ọkàn èèyàn fún àwọn ọmọ. Gbogbo yín lẹ mọ bí mo ṣe ń yàwòrán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lójú ayé, tí mo ya ọkàn yìí kan náà, Mojírọ́lá tó máa ń jókòó níwájú nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé kókò ni àbí iṣu?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Ọmọ yẹn kò yájú sí mi o. Ó fẹ́ mọ̀ ni, ohun tó rí ló sì sọ.

Nínú àlá, kókò náà ni mo tún yà. Bí mo ṣe ń fa ìlà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, pátákó dúdú wúkọ́, ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, ó tó gẹ́ẹ́."

Mo kúnlẹ̀, torí ó ti wà lára ògiri yẹn kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, "Kí ló dé, Bàbá?"

Ó ní, "Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kejì yẹn ni mo ti ń gbé ọkàn yìí kiri, kò lù rí. Ẹ ó kọ, ẹ ó nù, ẹ ó kọ, ẹ ó nù. Àyà mi ti pá. Ọmọ tuntun kan sì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá yín tó lè mú kí ọkàn lù, kí ọmọdé fojú ara rẹ̀ rí i. Kí ló dé tí ẹ ò lọ pè é?"

Mo ní, "Wọn ò tíì ṣí i ni, Bàbá. Wọn ò tíì wá gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀."

Pátákó dúdú pòṣé. Bó ṣe pòṣé báyìí, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sára rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà rọ́ wálẹ̀ gììrì: ìṣirò, àkàyé, orúkọ àwọn aláriwo kíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa wọ́n sínú garawa. Mìsítà Àyándìran, orúkọ yín wà nínú àwọn aláriwo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ má bá mi jà, ẹ bá pátákó jà.

Mìsíìsì Fádáhùnsi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí iléèwé wa ń wò mí bí ẹni pé ibà ń ṣe mí. Ẹ má bínú, Mà, ẹ ò tíì mọ ìtàn náà. Pátákó kan wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Funfun ni, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹ ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ fóònù, àwòrán inú rẹ̀ á máa rìn. Ẹ lè fọwọ́ fà á kó tóbi, ẹ lè yí i kí ẹ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ á kọ ìdáhùn sórí rẹ̀, òun náà á dá ọmọ lóhùn. Àwọn tó jáde níbí láyé àtijọ́ ló dáwó rà á fún wa, wọ́n sì fi sólà àti bátìrì kún un kí ọ̀rọ̀ iná má baà dí i lọ́wọ́. Kíláàsì kẹrin làwọn ọmọ mi wà nígbà tó dé. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ọ̀gá wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àwọn àgbààgbà láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ yóò fi wá ṣí i, pé a kì í gbé ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ kiri ìgboro. Wọn ò tú ọ̀rá tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn níkùn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì gbé e ti ògiri. Ọjọ́ tí Mojírọ́lá gba ojú fèrèsé yẹn kọjá ló wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ta ló kú ní ọ́fíìsì Ọ̀gá?"

Bátìrì nìkan ni kò dúró de ríbọ́ọ̀nù. Òun ló ń yí fáànù Ọ̀gá. Ẹ má bínú, sà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa ní yàrá olùkọ́ níhìn-ín nígbà míì. Ṣùgbọ́n ìparí táàmù yìí làwọn ọmọ mi ń lọ. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, ohun tí wọ́n á máa sọ ni pé pátákó kan wà níléèwé àwọn, àmọ́ aṣọ ni àwọn rí, àwọn ò rí pátákó. Ohun tí mo gbé sọ́kàn sùn nìyẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sínú àlá. Mo gbé garawa aláriwo kalẹ̀, mo ní màá lọ bá Ọ̀gá. Mo dé ibi tí ọ́fíìsì máa ń wà, ọ́fíìsì ò sí níbẹ̀. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù nílẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i tó ń léfòó lókè igi máńgòrò, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, fáànù ń yí lórí òrùlé rẹ̀ fíífíí. Ẹnu ò yà mí. Ohun tí mo sọ lọ́kàn mi kò ju pé, "Ẹ̀n, bátìrì yẹn mà lágbára o."

Mo gbé rúlà gígùn tí mo fi ń fa ìlà, mo fi ti igi máńgòrò, ó di àkàbà, mo ń gùn ún. Bí mo ṣe ń gùn ún ni mò ń gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mi, ṣàrà-ṣàrà, ṣàrà-ṣàrà, bí ìgbà tí wọ́n ń tú búrẹ́dì nínú ọ̀rá. Mo wẹ̀yìn, n ò rí búrẹ́dì. Mo ní bóyá ebi ló ń pa mí.

Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga yín lókè lọ́hùn-ún, ẹ ń bá àwọn ẹyẹ ẹ̀ga wí pé wọ́n pẹ́ dé. Ẹ̀ga kan ní ìyá òun ló rán òun níṣẹ́. Ẹ ní kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sójú fèrèsé, kò jiyàn.

Pátákó tuntun wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, òógùn ti bò ó nínú ọ̀rá. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ níta?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́."

Ó ní, "Ta ló mọ̀? Wọ́n wé mi bí ẹ̀kọ, ẹ̀kọ pàápàá sì rèé, wọ́n á tú u jẹ. Odò Ọya wà nínú mi, Àǹtí, mo lè mú un ṣàn níwájú àwọn ọmọ yín títí yóò fi bọ́ sínú òkun. Oòrùn àti òṣùpá wà níbí, àwọn àti gbogbo ìràwọ̀ ń fún ara wọn pọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ mọ ìdá kan nínú mẹ́rin, màá gbé búrẹ́dì fún un, á fìka gé e. Bó bá ṣì í gé, mi ò ní nà án, mi ò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, màá ní kó tún un gé ni. Ọmọ tí kì í nawọ́ sókè yóò dìde wá bá mi. N ò mọ ẹni tó ń jẹ́ àlejò pàtàkì. Ìka ọmọdé ni mo mọ̀."

Mo rò ó díẹ̀. Mo ní, "Bí mo bá tú ọ, ṣé wọn ò ní ní kí èmi máa lọ sílé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rá dún lára rẹ̀. Ó ní, "Mo lè mú ọkàn lù, Àǹtí. Mi ò lè mọ ọmọ tí kò jẹun kúrò nílé láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo yíjú sí yín, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tú u."

Ẹ ní, "Sùúrù ni baba ìwà, Ìyáàfin. Àwọn àlejò ti wà lọ́nà."

Mo ní, "Sà, wọ́n ti wà lọ́nà láti kíláàsì kẹrin."

Ẹ ní, "Ọ̀nà ló jìn."

Ibi tí mo ti ń rò ó pé ọ̀nà wo ló jìn tó bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì ti di pápá ìṣeré. Òrùlé di kánópì, àwọsánmà di àga oníke, àwọn ẹ̀ga di ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ń kọrin káàbọ̀. Àwọn àgbààgbà wọlé nínú agbádá, wọ́n jókòó síwájú. Olórí wọn gba máìkì. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, inú mi dùn púpọ̀ lónìí mè-è-è." Mo wò ó, irùngbọ̀n ti yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "A ò ní gbàgbé yín mè-è-è," etí rẹ̀ gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti di òbúkọ dúdú ńlá, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí bó ṣe gẹ̀ ẹ́. Àwọn tó bá a wá náà di ewúrẹ́ tẹ̀lé e, bí ọmọ iṣẹ́ rere ti í ṣe. Kò sẹ́ni tó sá. Ìyá kan lẹ́yìn mi ní, "Ó mà mọ ọ̀rọ̀ sọ o." Mo ní òótọ́ ni.

Ọ̀gá, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún òbúkọ. Ẹ ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ríbọ́ọ̀nù rèé, sà." Òbúkọ gbóòórùn ríbọ́ọ̀nù, ó fà á já, ó jẹ ẹ́ tán porogodo, ó sì fahọ́n lá ẹnu.

Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ó parí! Wọ́n ti ṣí i!"

Ẹ ní, "Rárá o. Ẹnu ló fi gé e. Sísọ́ọ̀sì ló yẹ kó fi gé e."

Sísọ́ọ̀sì dáhùn látorí tíréè tí wọ́n gbé e sí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Èmi rèé látàárọ̀, kò sẹ́ni tó kí mi. Kò kà."

Àwọn ẹ̀ga náà ní kò kà. Ẹ wá kéde pé a ó mú ọjọ́ mìíràn, a ó sì ra ríbọ́ọ̀nù mìíràn.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò bínú nígbà yẹn. Mo ti ń wá àga tí màá jókòó sí de ọjọ́ mìíràn náà.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọ mi ń kọjá. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gbé àpótí lérí, wọ́n ń lọ. Mojírọ́lá ló kẹ́yìn. Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé wa ló wọ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn, gbogbo orí rẹ̀ funfun fún ewú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti ṣí i?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pátákó dúdú sọ̀rọ̀, mo gbà. Ọ́fíìsì fò, mo gbà. Àgbà ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ di òbúkọ, mo gbà, mo tún ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ewú lórí Mojírọ́lá, mi ò gbà. Ara mi kọ̀ ọ́. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Mojírọ́lá, sọ àpótí yẹn kalẹ̀."

Mo fa aṣọ funfun sọ nù. Mo di ọ̀rá mú, mo fà á. Ọ̀rá kò tán. Bí mo ṣe ń fà á ló ń wá, ṣàrà-ṣàrà, ṣàrà-ṣàrà, ó kún pápá, ó wé àga, ó wé àwọn ewúrẹ́ títí ó fi ku ìwo wọn nìkan. Ọ̀gá, ẹ ń sáré tẹ̀lé mi, ẹ ń ká a, ẹ ń ní, "Ẹ má ya á o, a ó fi bò ó padà!" Mò ń fà, ẹ̀ ń ká. Nígbà tó yá, mo rí ojú pátákó fìrí, ibi tó hàn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo di ọwọ́ Mojírọ́lá mú, mo fi ìka rẹ̀ kàn án.

Fáànù orí kánópì dákẹ́. Pátákó tàn. Ọkàn èèyàn yọ lójú rẹ̀, ó pupa, ó tóbi ju orí mi lọ, ó ń lù, gbì, gbì, gbì. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibí wọlé, ó ń gba ọ̀hún jáde. Mojírọ́lá fìka yí i, a rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, a rí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀. Ó pariwo, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe kókò o! Ọkàn ni!" Bó ṣe ń wí i ni ewú orí rẹ̀ ń dúdú láti ìdí wá, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sì di bírò. Àwọn ọmọ tó ti ń lọ sọ àpótí sílẹ̀, wọ́n rọ́ padà wá. Kódà òbúkọ yọ ẹsẹ̀ kan jáde nínú ọ̀rá, ó ní òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Mojírọ́lá ní, "Ẹ tò sẹ́yìn, sà." Òbúkọ tò sẹ́yìn. Pátákó dúdú náà rìn wá láti kíláàsì, ó dúró tì wá, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Bó ṣe yẹ kó máa lù nìyẹn." Ó lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń gbatẹ́gùn.

Inú mi dùn, Ọ̀gá. Mo wẹ̀yìn kí n fi hàn yín, n ò rí yín mọ́. Ìdì ọ̀rá kan ni mo rí nílẹ̀, ó ń mira, ohùn yín sì ń jáde nínú rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ ní, "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ níta?" Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tú yín. Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Mo jí, oòrùn ti yọ lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò dákẹ́. Mo yí sọ́tùn-ún, ṣàrà-ṣàrà. Mo yí sósì, ṣàrà-ṣàrà. Aṣọ mi rin fún òógùn. Mo dìde jókòó, mo wo abẹ́ mi. Fóòmù tuntun tí a rà lọ́dún èṣí ni, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Bàbá Gbóyèga, ọkọ mi, ti wí títí pé ká ya á. Èmi ni mo ní kó má tíì ya á, kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wá bá a ní tuntun, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ àwọn ń tọ́jú mi. Ìyá rẹ̀ ti wà lọ́nà látìgbà náà. Bàbá Gbóyèga rèé lórí ẹní nílẹ̀, ibi tó ti ń sùn láti ọjọ́ tí fóòmù ti wọlé, torí ó ní ooru ọ̀rá kò bá òun lára mu.

Mo wo ọ̀rá, mo wo ọkọ mi. N ò wá sísọ́ọ̀sì. Eyín ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí òbúkọ gan-an, mo sì ya á dé ìsàlẹ̀. Bàbá Gbóyèga lajú, ó ní, "Ṣé Màmá ti dé ni?"

Mo ní, "Wọn ò tíì dé. Ẹ dìde, ẹ wá sùn."

Ọ̀gá, ó kà. Ẹ bi ọkọ mi, ó ṣì ń hanrun níbẹ̀ nígbà tí mo kúrò nílé.

Ọ̀rá náà rèé nínú báàgì mi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, sà, èmi ni mo ní kí wọ́n tò síbẹ̀. Mojírọ́lá ló wà níwájú. Ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, irun orí rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Kọ́kọ́rọ́ dà, sà?

Ẹ ṣeun, sà. Mìsítà Àyándìran, ẹ gbé agogo fún Mìsíìsì Fádáhùnsi, kí ẹ wá bá mi gbé apá kejì pátákó.